Bàbá Ẹ̀fọn àti Ìyá Gbúre

Òórùn kẹrosíìnì ló jí wa láàárọ̀ Sátidé yẹn. Àkùkọ ò tíì kọ tán, ìyá mi ò tíì gbé ògì kaná, òórùn kẹrosíìnì ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé wá bá wa lórí ẹní. Bàbá Wolé-wolé ti jí. Ó ti ń wọ́n kẹrosíìnì sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, sí gbogbo ibi tí bàbá ẹ̀fọn lè fẹsẹ̀ lé, bí wòlíì tó ń wọ́n omi àdúrà. Ẹ̀fọn gidi ń kùn lókè orí rẹ̀ bó ṣe ń wọ́n ọn. Kò wo ibẹ̀.

Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà ní Bàrígà, ẹ ó rántí bàbá ẹ̀fọn. Kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ gígùn yẹn, tó dà bí ẹ̀fọn tí ẹnìkan dì mú tó fà gùn. Tí òjò bá ti rọ̀ báyìí, á bẹ́ sílé, á máa fara gbá gílóòbù, á máa forí sọ ògiri. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹsẹ̀ kan á já sí yín lọ́wọ́, á sì máa fi èyí tó kù bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ. À ń pè é ní bàbá ẹ̀fọn nítorí pé ó jọ ẹ̀fọn, ó sì tóbi. Ìdí kan ṣoṣo nìyẹn. Àwọn àgbà wa tó ń sọ fún wa pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, wọn ò wo ilé kankan kí wọ́n tó sọ tiẹ̀. Wọ́n rí ohun tó tóbi, tí kì í ṣiṣẹ́ kankan, tó kàn ń rìn káàkiri ilé tó ń dínà fún èèyàn, wọ́n ní bàbá nìyẹn. Tí ẹ bá mọ àwọn bàbá tó wà nínú ilé wa nígbà náà, ẹ ó gbà pé wọ́n rí nǹkan díẹ̀ wò kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ kì í dúró lásán. Tó bá jẹ́ bàbá, a jẹ́ pé òun ló bí wọn. Tó bá jẹ́ òun ló bí wọn, a jẹ́ pé ó ń jẹ èèyàn jù wọ́n lọ. Tó bá ń jẹ èèyàn jù wọ́n lọ, a jẹ́ pé ibà tiẹ̀ ló ń pa èèyàn. Gbogbo ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ilé wa nìyẹn, kò sì sí ẹni tó gbìyànjú láti yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò ń pe àgbà ní òpùrọ́.

Ilé ọ̀hún wà lójú ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà. Yàrá mẹ́wàá ló kọjú síra wọn, márùn-ún níhìn-ín, márùn-ún lọ́hùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan là wọ́n láàárín, ó dúdú débi tí a fi ń fọwọ́ tọ ògiri rìn lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀yìn ilé ni ilé ìwẹ̀ méjì wà, àti ilé ìdáná kan tí ìyàwó mẹ́wàá ń jà lé lórí. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti ọ̀sà, òórùn ẹja yíyan la máa gbọ́. Tí kò bá fẹ́, gọ́tà tiwa ló kù. Onílé ò bá wa gbé. Apá Akọka ló wà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló ń yọjú wò bóyá ilé ṣì dúró, ohunkóhun tí Bàbá Wolé-wolé bá sì sọ fún un nípa wa ló ń gbà gbọ́.

Bàbá Wolé-wolé kì í ṣe wolé-wolé. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Ó ti bá àwọn wolé-wolé ṣiṣẹ́ rí, àwọn tó ń wọ ilé onílé wo ìdọ̀tí. Báàgì wọn ló ń gbé tẹ̀ lé wọn. Ìyá mi ló sọ ọ́ fún wa nínú yàrá, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ẹni tó ń gbé báàgì dókítà kì í ṣe dókítà. Tó bá wá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á kúnlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Wolé-wolé." Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò bọ́ ṣòkòtò kàkí péńpé rẹ̀, kò sì jẹ́ kí fèrèsé ẹnikẹ́ni sinmi. Yàrá kìíní, tó kọjú síta, ni tiẹ̀. Níwájú yàrá náà, lábẹ́ ibi tí omi páànù ń dà sí, ó gbé dùrọ́ọ̀mù ńlá kan tó ti dípẹtà kalẹ̀ láti fi gbe omi òjò. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi nǹkan bò ó. Ó ní omi òjò tí a bá dé mọ́lẹ̀ á kú. Àwa ọmọdé máa ń na ọrùn wo inú rẹ̀, a ó máa wo tanwíjí tó ń jó nínú omi, tó ń ká, tó ń nà, bíi pé wọ́n ń ṣọdún.

Mo mọ ohun tí tanwíjí ń dà. Tíṣà wa ní kíláàsì kẹrin ti yà á sára pátákó fún wa, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ méjì, nínú kíláàsì tí òjò ń jò sí tí a fi ń gbé àga yí ibi tí omi ti ń kán. Ó ní tanwíjí ní í di ẹ̀fọn, inú omi tó dúró ni wọ́n sì ń gbé. Mo dà á kọ, mo gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, inú mi dùn, mo pa ìwé dé. Kò wá sí mi lọ́kàn láti gbé e dé ẹnu dùrọ́ọ̀mù Bàbá Wolé-wolé. Ohun tí tíṣà sọ, ilé ìwé ló ń gbé. Tí aago bá lù, a ó fi sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì.

Ìyá Gbúre ló ń gbé yàrá tó kẹ́yìn, tó fẹ̀gbẹ́ ti ilé ìwẹ̀. Opó ni, mùsùlùmí ni, ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti wà nílé ọkọ n'Íbàdàn. Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ kan, ìyẹn ló fi ń tún yúnífọ́ọ̀mù àwa ọmọ ilé rán. Èmi gan-an, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tú ìṣẹ́tí yúnífọ́ọ̀mù mi láàárín ọdún kan, nítorí mò ń ga bí ẹni tí wọ́n ń fà lókè. Lẹ́yìn ilé, níbi tí omi ìwẹ̀ gbogbo wa ń gbà kọjá, ó to àpò sìmẹ́ǹtì àti abọ́ tó ti là jọ, ó kó iyẹ̀pẹ̀ dúdú sí wọn, ó gbin gbúre. Kì í tà á. Ẹni tó bá fẹ́ se ọbẹ̀ á kan ilẹ̀kùn rẹ̀, á ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, gbúre díẹ̀." Yóò ní, "Lọ já a. Má fa gbòǹgbò ẹ̀ tu o." Kò sí ìkòkò ọbẹ̀ kan nínú ilé náà tí gbúre yẹn ò wọ̀, títí dórí ti Bàbá Wolé-wolé.

Inú iyẹ̀pẹ̀ tútù yẹn ni bàbá ẹ̀fọn ti ń jáde. Ojú mi ló ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò òru ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, Ìyá Gbúre pè mí bí mo ṣe ń lọ wẹ̀ kí n tó lọ sílé ìwé. Ó ní kí n tẹ̀ ba, kí n má mí gúlegúle. Ọ̀kan ń fa ara rẹ̀ yọ nínú ilẹ̀. Ẹsẹ̀ kan jáde, ó sinmi; èkejì jáde, ó tún sinmi, bí ẹni tó ń bọ́ ṣòkòtò tó ti fún un. Nígbà tó yọ tán, Ìyá Gbúre na ìka kan sí i, kòkòrò náà gùn ún, ìyá wá gbé e lé mi lápá. Mo fẹ́ sá.

"Ìyá, kò ní jẹ mí?"

"Kí ló fẹ́ fi jẹ ẹ́? Wo ẹnu ẹ̀ dáadáa. Ṣé o rí abẹ́rẹ́ níbẹ̀?"

Mi ò rí abẹ́rẹ́. Ó rìn láti ọrùn ọwọ́ mi dé ìgúnpá, kò wúwo rárá, ó kàn ń rìn mí yẹ́ríyẹ́rí. Mo bi í pé ṣé lóòótọ́ ni pé òun ni bàbá ẹ̀fọn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ní abúlé àwọn, ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín ni wọ́n ń pè é. Mo ní kí nìyẹn túmọ̀ sí. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ẹ̀ tín-ín-rín. Ohun tá a rí la sọ. A ò bá a dé ilé ìyàwó ẹ̀ ká tó mọ̀ bóyá ó bímọ." Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ń lọ wẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń wá ọ̀kan kó rìn lápá mi. Kò jẹ mí rí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí mi ò ní lè sọ pé mi ò mọ̀.

Nígbà tó yá, Bàbá Wolé-wolé fi mí joyè. Nílé ìwé, òpó iná ni wọ́n ń pè mí. Tí wọ́n bá ní ká tò, ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń wà, àwọn ọmọkùnrin á sì máa bi mí pé ṣé òjò ti ń rọ̀ lókè. Bàbá Wolé-wolé nìkan ló wo gíga mi tó ní ó wúlò. Ó ń wá ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ á tó òkè ògiri láti máa mú bàbá ẹ̀fọn. Ó pè mí jáde lójú gbogbo ilé, ó fún mi ní ìgò tó ní ìdérí, ó ní, "Láti òní lọ, Mojí ni Igbákejì Wolé-wolé." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá mi tí kì í gbójú sókè nínú ìwé ìròyìn gbójú sókè. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo ti rí àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n gba oyè tí kò níláárí tó yẹn, tí wọ́n sì pa màlúù sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di alápá méjì. Láàárọ̀, bàbá ẹ̀fọn á rìn lápá mi lẹ́yìn ilé. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, n óò gbé ìgò, n óò mú un lẹ́sẹ̀, n óò sọ ọ́ sínú ìgò, Bàbá Wolé-wolé á fi ọwọ́ pa mí lórí. Ìyá Gbúre rí mi. Kò sọ nǹkan kan jù pé, "Mojí, ṣé oyè ọ̀hún ò wúwo?" Mo ní kò wúwo, mà.

Oṣù yẹn ni ibà kọlu Ṣèyí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Ṣèyí, yàrá kejì ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé, ẹ̀gbẹ́ dùrọ́ọ̀mù náà gan-an. Ẹni tó bá jókòó lórí ibùsùn wọn lè na ọwọ́ láti ojú fèrèsé kan omi inú rẹ̀. Ara ọmọ náà gbóná, ó gbọ̀n, ojú rẹ̀ yí sókè, ìyá rẹ̀ gbé e sáré jáde láìwọ bàtà. Ọsibítù dá a dúró. Fún ọjọ́ mélòó kan, a ò mọ̀ bóyá a máa tún rí i. Ẹ̀rù ba gbogbo ilé. Mi ò fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rù ba èmi náà. Ohun tí mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni ohun tí wọ́n fi ẹ̀rù náà ṣe.

Bàbá Wolé-wolé gbé imú sókè, ó rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ó rìn ín bọ̀. Ó ní ẹ̀fọn lásán ò lè dá irú ibà yẹn sílẹ̀. Ó ní bàbá ló jẹ Ṣèyí.

Ẹ ó rántí Sátidé ìparí oṣù, tí ìjọba ní kí gbogbo èèyàn jókòó sílé tún àyíká ṣe títí di aago mẹ́wàá, kí mọ́tò má rìn, kí ẹnikẹ́ni má jáde. Ní ilé tiwa, wákàtí kan ni a fi ń gbálẹ̀. Èyí tó kù, ẹjọ́ ni a fi ń dá. Kò sígbà tó tún dára ju ìyẹn lọ láti dá ẹjọ́ èèyàn, torí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ò ríbi sá sí. Sátidé tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀, tí kẹrosíìnì jí wa, ọ̀kan nínú wọn nìyẹn. Wọ́n to bẹ́ǹṣì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá Wolé-wolé jókòó lórí àpótí. Wọ́n gbé ìgò mi sílẹ̀ láàárín, bàbá ẹ̀fọn márùn-ún wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ti já dànù, wọ́n tò sí ìsàlẹ̀ ìgò bí irun orí tí wọ́n gé.

"Ẹ̀yin ará ilé," ó ní, "mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Òfin ni mò ń sọ. Kí lorúkọ nǹkan tó wà níbí yìí?"

Gbogbo wọn dáhùn: "Bàbá ẹ̀fọn."

"Ta ló bí ẹ̀fọn?"

"Bàbá ẹ̀fọn."

"Ibo ló ń gbé nínú ilé yìí?"

Orí wọn yí sí yàrá tó kẹ́yìn. Ẹjọ́ ti parí. Orúkọ ló rojọ́, orúkọ ló jẹ́rìí, orúkọ náà ló dájọ́. Àwọn tó ń sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà èèyàn, àwọn náà ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá.

Ìyá Gbúre dìde. Kò pariwo. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú. Kòkòrò yìí ò ní ẹnu tó fi ń jẹ èèyàn. Inú ilẹ̀ tútù ló ti ń wá. Ẹ̀fọn tó ń jẹ wá, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí omi dúró sí." Ojú rẹ̀ lọ sí iwájú ilé.

"Omi èwo?" Bàbá Wolé-wolé bi í.

Gbogbo wọn ló mọ omi èwo. Gbogbo wọn ló ti pa ẹ̀fọn níbẹ̀ rí.

Ìyá Gbúre ní, "Ẹ bi Mojí. Ó mọ̀."

Bàbá Wolé-wolé kọjú sí mi. "Igbákejì Wolé-wolé, dìde. Sọ fún wọn. Ṣé ó ń jẹ èèyàn àbí kì í jẹ èèyàn?"

Mo dìde. Mo ga ju àwọn ìyá mìíràn tó jókòó lọ. Ìyá Gbúre wò mí, ó mi orí díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti fọkàn balẹ̀. Ó rò pé ẹni tí bàbá ẹ̀fọn ti rìn lápá rẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ wọ̀nyẹn kò ní í sọ ohun mìíràn.

Mo wo ìgò. Mo wo ọwọ́ Bàbá Wolé-wolé tó máa ń pa mí lórí. Mo ní, "Ó ń jẹ èèyàn, sà. Ó jẹ mí." Mo gbé ìgúnpá sókè, mo fi ibi tó wú hàn wọ́n. Ẹ̀fọn gidi ló jẹ mí níbẹ̀, lóru àná, bóyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ dùrọ́ọ̀mù.

Ìyá Ṣèyí ké "Jésù!" ó káwọ́ lé orí. Bàbá Wolé-wolé gbé apá mi sókè, ó ń fi hàn káàkiri. Ẹ̀rín tó wà lójú Ìyá Gbúre ò tètè kúrò. Ó dúró síbẹ̀ díẹ̀ bí àlejò tí kò tíì gbọ́ pé wọ́n ti ní kó máa lọ. Lẹ́yìn náà ó jókòó.

Wọ́n ní kí wọ́n fa gbúre tu lọ́jọ́ náà, kí Ìyá Gbúre sì kó jáde kí Sátidé àyíká tó tún pé. Onílé ò ní kọ̀. Bàbá Wolé-wolé ló máa ròyìn fún un. Kí aago mẹ́wàá tó lù, àwọn tó fi gbúre náà jẹ èbà lálẹ́ Jímọ̀ọ̀ ti ń fà á tu tìbínú-tìbínú. Mo rí ìyàwó kan tó ń ṣa èyí tó dára sínú abọ́ rẹ̀ bó ṣe ń bú Ìyá Gbúre.

Ìyá mi pè mí wọ yàrá. Ó ní, "Mojí, ó jẹ ẹ́ lóòótọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wò mí títí mo fi wolẹ̀. Ó ní, "Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké." Ó wá lọ ro ògì. Ìyá mi mọ òwe púpọ̀, òwe ló fi ń fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó mọ̀ pé irọ́ ni mo pa, ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín òun àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò gbé e.

Ọlidé ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí Ìyá Gbúre kó. Ọmọlanke kan ló kó gbogbo ẹrù rẹ̀: ẹ̀rọ ìránṣọ, ibùsùn, ìkòkò méjì, àpótí kan. Ṣèyí ti ti ọsibítù dé, ara rẹ̀ ti yá, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ń jẹ búrẹ́dì. Ìyá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá Ìyá Gbúre gbé nǹkan kan yàtọ̀ sí ọlọ́mọlanke. Mo fara ti ògiri, mò ń gbàdúrà kó má rí mi. Ó rí mi. Ó wá bá mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kó tó sọ ohunkóhun.

"Má sunkún mọ́," ó ní. "Ọmọdé ló kiri ọjà, àgbà ló rà á." Ó tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe, ó tẹ̀ lé ọmọlanke.

Ọ̀dọ̀ ará ìlú rẹ̀ kan ní Ladi-Lak ló lọ. Láti ilé wa dé Ladi-Lak, ẹsẹ̀ lásán ni. Mi ò lọ kí i rí. Ọdún mẹ́fà ni mo tún fi gbé Bàrígà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrè tí ilé jẹ. Bàbá ẹ̀fọn ò yọjú mọ́, lóòótọ́, nítorí kò sí ilẹ̀ tútù tó máa ti inú rẹ̀ jáde. Ẹ̀fọn wá pọ̀ sí i, torí òjò oṣù kẹsàn-án kún dùrọ́ọ̀mù dẹ́nu. Wọ́n jẹ wá débi pé a ń da aṣọ borí jẹun. Ìyá Ṣèyí fi ìbẹ̀rù bi Bàbá Wolé-wolé pé kí ló dé, ṣebí a ti lé bàbá wọn. Bàbá Wolé-wolé ronú díẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ ni. Ìbínú ikú bàbá wọn ni wọ́n ń bá wa jà." Gbogbo ilé mi orí. Wọ́n gbà á. Àgbàlagbà tó níyàwó, tó bímọ, tó ń dìbò, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbà pé ẹ̀fọn ń ṣọ̀fọ̀. Kí ọdún tó parí, ibà dá Bàbá Wolé-wolé fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀, ó gbọ̀n, ó bọ́ ṣòkòtò kàkí sílẹ̀, ó ní afẹ́fẹ́ ọ̀sà ni. Nígbà tó padà sí ìlú rẹ̀ níkẹyìn, ó gbé dùrọ́ọ̀mù dání. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Irọ́ tèmi ti lé ní ogún ọdún dáadáa, mi ò tíì gbúròó ẹsẹ̀ òtítọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ti dàgbà báyìí. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, mo ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní àwọn ọmọṣẹ́, wọ́n ń pè mí ní Màdáámù. Mo ti kà nípa kòkòrò náà. Kì í ṣe bàbá ẹ̀fọn, kì í ṣe àbúrò bàbá wọn, kì í jẹ èèyàn, ọjọ́ díẹ̀ ló ń lò láyé. Tí mo bá ń sọ ìtàn ilé wa fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí ni: mo máa ń fi Bàbá Wolé-wolé ṣẹ̀sín, mo máa ń fi àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ṣẹ̀sín, àwọn ọ̀rẹ́ mi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan wọlé, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí wa. Ọmọlúàbí ni, ó kí mi dáadáa. Ó gbé ohun tí wọ́n fẹ́ kí n tẹ̀ lé orí tábìlì, ìkìlọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ ara ilé káàkiri. Àwòrán ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín ló wà láàárín rẹ̀, gàdàgbà. Lókè, wọ́n kọ ọ́ pé kí gbogbo ará àdúgbò ṣọ́ra fún bàbá ẹ̀fọn. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé yàrá tí wọ́n bá ti rí i, ayálégbé tó wà níbẹ̀ yóò kó jáde.

Mo ní, "Bọ̀dá, àwòrán yìí o. Kì í ṣe ẹ̀fọn."

"Bàbá wọn ni, Màdáámù. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ìpàdé ti fọwọ́ sí i." Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá kan wà níbẹ̀ tí kì í gbọ́ràn, a fẹ́ kó rí i lákọsílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́ kó mọ́."

Mo la ẹnu. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ti wà lẹ́nu mi, ó ti tò tán. Ó ń wò mí, ó ń dúró, kò bínú rárá. Mo wo bó ṣe dá a lójú tó, mo ro bí àlàyé náà ṣe máa gùn tó. Mo ní, "Ṣé pupa lẹ fẹ́ kí àkọlé ẹ̀ jẹ́?"

Ó ní pupa dára. Mo tún lẹ́tà kan tí wọ́n ṣì kọ ṣe. Ẹsẹ̀ kòkòrò náà ò hàn tó, mo mú un dúdú sí i.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn. Ọmọ gíga kan ni mo rí níbẹ̀, tó bẹ̀rù pé wọ́n á gba oyè lọ́wọ́ òun, tó sì jẹ́ pé gbogbo àgbà tó mọ̀ ló yí i ká tí wọ́n ń retí irọ́. Ta ló yí èmi ká? Ọkùnrin kan ṣoṣo tó ń pè mí ní Màdáámù. Kò lè nà mí, kò sì ní oyè kankan tó lè gbà lọ́wọ́ mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń kẹ́gàn ọmọ yẹn. Lọ́jọ́ tó parọ́ mọ́ Ìyá Gbúre, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀; wọ́n gbé e síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kò lọ. Èmi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ tí mo tẹ ìwé yẹn tán, mo ra àgbàdo sísun lójú ọ̀nà, mo sì jẹ ẹ́ tán kí n tó délé.